Ìwé Tí Ó Lọ Tí Kò Padà: Ọ̀rọ̀ Dókítà Àdúgbò àti Dókítà Ilé Ìwòsàn Ńlá

Ó ṣọ̀wọ́n kí a rí ilé kan ní Múṣin, ní Sùúrùlérè tàbí ní Yábàá tí kò mọ ọ̀nà ilé dókítà méjì. Ti èkínní wà nítòsí, bóyá ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí aláṣọ ń tajà nísàlẹ̀ rẹ̀. Dókítà ibẹ̀ mọ orúkọ àwọn ọmọ wa. Ó mọ èyí tí ikọ́ máa ń bá jà nígbà ọyẹ́, ó sì mọ baálé tí kì í fẹ́ gba abẹ́rẹ́. Èkejì ni ilé ìwòsàn ńlá, tí a ń jí lọ kí ilẹ̀ tó mọ́ láti gba nọ́ńbà, níbi tí a ti ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí oòrùn yóò fi kan àtàrí, kí a tó rí dókítà tí a kò rí rí, tí ó sì ṣeé ṣe kí a má rí mọ́ bí a bá padà wá ní oṣù tí ń bọ̀. Láàrin ilé méjèèjì yìí ni aláìsàn ń rìn. Ohun kan ṣoṣo tí ó so wọ́n pọ̀ ni ìwé pélébé kan nínú àpòòwé, tí dókítà àdúgbò kọ sí dókítà ilé ìwòsàn ńlá. Ọ̀rọ̀ ìwé pélébé náà ni àwa fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí.

Ní àdúgbò wa, ní ìhà Ìdí-Òro, bàbá kan ń bẹ tí ó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí àrùn àtọ̀gbẹ, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, ti ń bá a gbé. Dókítà àdúgbò ti fún un ní oògùn Daonil, ó ń lò ó ní òròòwúrọ̀, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ní ọdún tí ó kọjá, egbò kan jáde ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì jinná. Dókítà náà ṣe ohun tí ó tọ́ kí dókítà ṣe. Kò fi egbò náà ṣeré, kò sì dá bàbá dúró nítorí owó. Ó kọ ìwé, ó lẹ̀ ẹ́, ó sì ní kí bàbá mú un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan.

Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ lọ́hùn-ún. Wọ́n wẹ egbò, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé ṣúgà inú rẹ̀ ga ju bí ó ti yẹ lọ. Nítorí náà wọ́n yí oògùn rẹ̀ padà sí èyí tí à ń pè ní Amaryl. Kò sí àléébù nínú èyí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sọ fún un ní gbangba pé kí ó fi ti àtijọ́ sílẹ̀. Tàbí bí ẹnikẹ́ni bá sọ ọ́, ariwo èrò kò jẹ́ kí bàbá gbọ́. Kò sì sí ẹni tí ó kọ ìwé padà sí dókítà àdúgbò láti wí pé báyìí ni a ti ṣe. Lójú bàbá, oògùn ti ilé ìwòsàn ńlá wà fún egbò, ti dókítà àdúgbò sì wà fún ṣúgà. Ó ń lo méjèèjì pọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ibà kọ lù ú, ó sì tọ dókítà rẹ̀ lọ.

“Bàbá, kí ni wọ́n ṣe fún yín lọ́hùn-ún?”

“Wọ́n tọ́jú mi dáadáa, Dókítà. Wọ́n wẹ ẹsẹ̀ mi, wọ́n sì fún mi ní oògùn.”

“Oògùn wo ni, Bàbá?”

“Èmi ha lè mọ̀ ọ́n? Hóró wẹ́wẹ́ kan báyìí ni. Ìyàwó mi ni ó ń tọ́jú rẹ̀.”

Dókítà rò pé oògùn tí ń gbógun ti kòkòrò inú egbò ni. Ó fún un ní oògùn ibà, ó sì kìlọ̀ fún un pé kí ó má ṣe dá oògùn ṣúgà rẹ̀ dúró. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, bàbá kò lè jẹun nítorí ibà; ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí onígbọràn, ó gbé oògùn méjèèjì mì. Kí agogo mẹ́sàn-án tó lù, ó ń làágùn nínú ọyẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dàrú, ó sì ń pe ọmọ rẹ̀ ní orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ti kú. Àwọn ará ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí wí pé ọwọ́ ayé ni. Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọbìnrin rẹ̀ kan tí ó ti gbọ́ ẹ̀kọ́ nípa àrùn náà rí: ó po ṣúgà mọ́ omi, ó sì ń fi ṣíbí bù ú sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ó ṣì lè gbé e mì. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ojú bàbá fi là.

Daonil àti Amaryl, bí ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n rí. Ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà lé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, bí ènìyàn bá sì lò wọ́n pọ̀, pàápàá bí kò bá jẹun, ṣúgà ara rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọpọlọ kò fi ní ní ohun tí yóò fi ṣiṣẹ́. Ẹlòmíràn ti gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lọ sí ọ̀run. A bi ara wa léèrè pé ta ni ó jẹ̀bi? Dókítà àdúgbò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Dókítà ilé ìwòsàn ńlá mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá ṣe gẹ́gẹ́ bí a ti wí fún un. Àbùkù tí àwa rí ni pé ìwé kan lọ, kò sí èyí tí ó padà.

Kì í ṣe pé ilé ìwòsàn ńlá ṣọ̀wọ́n ní apá ibi tí à ń gbé yìí. Ní ọdún 1907 ni ìjọba àwọn òyìnbó ti ṣí ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Yábàá, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni a dá ibùdó sílẹ̀ ní Ìgbóbì fún àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́. Ní ọdún 1945 ó di ilé ìwòsàn eegun, tí a ń gbé ẹni tí mọ́tò kọ lù lọ láti ibi gbogbo. Ilé ìwòsàn àwọn àrùn tí ń ràn wà ní Yábàá pẹ̀lú. Ní Ìdí-Àràbà, láàrin Múṣin àti Sùúrùlérè, ni Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Yunifásítì Èkó wà, níbi tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ ìṣègùn ní ọdún 1962. Ẹni tí ó bá wọ dáńfó láti Ojúẹlẹ́gba lè dé ibi tí a ti ń tọ́jú orí, ibi tí a ti ń tọ́jú eegun àti ibi tí a ti ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n ènìyàn kan ṣoṣo ni ó ni orí, eegun àti ẹ̀jẹ̀ náà. Ta ni yóò wo gbogbo rẹ̀ pọ̀?

Dókítà ìdílé ni iṣẹ́ yẹn tọ́ sí. Àwọn kan ń pè é ní dókítà kékeré, orúkọ tí kò yẹ ẹ́ rárá. Láti ìgbà tí òfin ti dá kọ́lẹ́ẹ̀jì orílẹ̀-èdè fún ẹ̀kọ́ gíga àwọn dókítà sílẹ̀ ní ọdún 1979, ìtọ́jú ìdílé ti di ẹ̀ka ìmọ̀ tí dókítà lè kọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó gba oyè nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ abẹ ti ń ṣe. Ìmọ̀ ti ẹni tí ń wo ojú nìkan jìn bí kànga. Ti dókítà ìdílé tẹ́ bí odò. Àwọn àgbà wa ti wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí láàrin àwọn méjèèjì, àfi pé ó ṣòro láti sọ èwo nínú wọn ni ọmọdé.

Èyí kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ wa. Kí òyìnbó tó dé, bí ẹnìkan bá já bọ́ láti orí ọ̀pẹ, oníṣègùn tí ń wo ibà kì í tọwọ́ bọ eegun rẹ̀. Ẹni tí ń to eegun ni a ń ránṣẹ́ sí. Ẹbí ni ó ń jẹ́ ìwé nígbà náà. Arákùnrin tí ó tẹ̀lé aláìsàn lọ ni ó ń ro ohun tí a ti ṣe, òun náà ni ó sì ń padà wá ròyìn. Ní Èkó ti òde òní, ọmọ wà níbi iṣẹ́, ìyàwó wà ní ọjà Ojúwòyè, aláìsàn nìkan ni ó ń dá lọ pẹ̀lú àpòòwé lọ́wọ́. Bí ìwé kò bá sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀.

Ìṣòro kan wà nínú bí a ti to ètò náà pàápàá. Ìjọba ṣe é bí àtẹ̀gùn onípele mẹ́ta. Ilé ìtọ́jú àdúgbò wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ilé ìwòsàn gbogbogbòò, irú èyí tí ó wà ní Gbàjà ní Sùúrùlérè, wà lábẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Ìdí-Àràbà àti Ìgbóbì sì wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn náà ni àwọn ilé ìwòsàn aládàáni wà, tí wọ́n pọ̀ bí eéṣú ní òpópónà wa, tí ó sì jẹ́ pé àwọn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń sá tọ̀. Ọ̀gá wọn kò jẹ́ ọ̀kan. Yàrá tí a ń kó fáìlì sí ní ilé kan kò mọ èyí tí ó wà ní ilé kejì. Nítorí náà, bí aláìsàn bá gun àtẹ̀gùn náà, ìtàn ara rẹ̀ kì í bá a gùn ún, àfi ìwọ̀nba èyí tí a kọ sínú ìwé pélébé náà.

Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu àwọn dókítà fúnra wọn, nítorí pé ẹjọ́ ẹnìkan ṣoṣo kì í jàre. Dókítà àdúgbò yóò wí fún yín pé òun kọ ìwé, òun kò gbọ́ ohùn. Aláìsàn tí òun ti ń tọ́jú láti ọdún pípẹ́ lọ, kò padà mọ́. Ó di ẹni tí òun ń pàdé lẹ́nu ọ̀nà ìjọ, tí òun kò sì mọ bí a ti ṣe é. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, aláìsàn a padà wá pẹ̀lú ẹ̀gàn: “Wọ́n ní gbogbo èyí tí ẹ ti ń fún mi kì í ṣe nǹkan kan.” Dókítà ọ̀dọ́ kan tí ó kánjú ni ó ti sọ bẹ́ẹ̀ níwájú aláìsàn, láìmọ̀ pé òun ti ba ohun kan jẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọdún kò ní tún ṣe. Ẹni tí a bá gàn báyìí, yóò nira fún un láti kọ ìwé mìíràn ní kíákíá. Owó sì ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa. Dókítà aládàáni ń san owó ilé, owó nọ́ọ̀sì àti owó epo jẹnẹrétọ̀. Aláìsàn tí ó bá lọ tí kò padà, oúnjẹ rẹ̀ ni ó lọ.

Dókítà ilé ìwòsàn ńlá pẹ̀lú ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò. Yóò wí pé ìwé tí wọ́n mú wá fún òun kò ju ìlà kan lọ: ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wo aláìsàn yìí. Kò sí orúkọ oògùn, kò sí iye ọjọ́, kò sí èsì àyẹ̀wò. Ìgbà mìíràn, wọ́n ti dá aláìsàn dúró títí ẹ̀pa kò fi bóró mọ́. Aboyún tí ó ti ń rọbí láti ìjẹta ni wọn yóò gbé dé ní òru, a ó sì wá wí pé ọwọ́ Ìdí-Àràbà ni ó kú sí. Bí òun bá sì fẹ́ fèsì, àwọn àádọ́ta mìíràn ń bẹ lórí bẹ́ǹṣì, èyí tí ó pọ̀ nínú wọn kò mú ìwé kankan wá, ibà lásán ni ó ń ṣe wọ́n, tí dókítà àdúgbò ì bá ti wò sàn ní ọjọ́ kan. Dókítà ọ̀dọ́ tí ó gba ìwé lóṣù yìí, a ó ti gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn lóṣù tí ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni ó sì ti kọjá sí ìlú Òyìnbó àti Saudi Arabia, tí iṣẹ́ ẹni méjì wá di ti ẹnìkan. Ìwé tí dókítà àdúgbò kọ wà nínú fáìlì, fáìlì wà lórí pákó, kò sì sí ẹni tí a yàn láti dá a lóhùn.

Àwa gbọ́ ti àwọn méjèèjì, a sì gbà pé òtítọ́ ni wọ́n ń sọ. Bí ó ti wù kí ó rí, àwa rò pé ẹ̀bi ilé ìwòsàn ńlá wúwo díẹ̀ ju èkejì lọ, nítorí pé ẹni tí ó ní akọ̀wé, tí ó ní kọ̀ǹpútà, tí ó sì ní orúkọ, lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó rọrùn láti dáhùn. Ìdáhùn náà kò sì gùn. Kí ni a rí? Kí ni a yí padà? Oògùn wo ni kí ó fi sílẹ̀? Ta ni yóò máa wò ó láti ìsinsìnyí lọ, èmi ni tàbí ìwọ? Ìbéèrè tí ó kẹ́yìn yìí ni ó ń pa ènìyàn jù, nítorí pé bí dókítà méjì bá ń rò pé ẹnìkejì ni ó ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá àgbà kan, kò sí ẹni tí ń ṣọ́ ọ.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí wọ́n dá ètò ìlera gbogbogbòò wọn sílẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1948, wọ́n ní kí olúkúlùkù forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà ìdílé kan. Ìwé dókítà yẹn ni ó sábà máa ń mú ènìyàn dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá onímọ̀ ní ilé ìwòsàn, ọ̀gá náà a sì kọ̀wé padà sí i. Àwọn náà ń ráhùn títí di òní pé ìwé ń pẹ́, a kò sì ní kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀run ni ibẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé ìwé ìdáhùn jẹ́ apá kan nínú ìtọ́jú.

Ní tòsí wa pàápàá, ẹnìkan ti gbìyànjú láti so òkè mọ́ ilẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, ọmọ Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti tí ó ṣe olórí Grammar School ti Abẹ́òkúta, ni a ń wí. Dókítà àwọn ọmọdé ni, ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Dublin, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìdí-Àràbà. Ó lè jókòó sórí àga rẹ̀ kí àwọn ìyá máa tọ̀ ọ́ wá. Ṣùgbọ́n ó rí i pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé dé ọ̀dọ̀ òun ní ojú ikú, ìgbẹ́ gbuuru àti èéyi ni ó ń pa wọ́n, àwọn ohun tí à bá ti ṣẹ́gun nítòsí ilé wọn. Nítorí náà òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá sí òpópónà Gbàjà ní Sùúrùlérè, wọ́n sì ń lo ilé ìtọ́jú kan níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. A kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì láti wo àrùn tí ó wọ́pọ̀ fúnra wọn, kí wọ́n sì dá èyí tí ó ju agbára wọn lọ mọ̀, kí wọ́n fi ránṣẹ́ síwájú láìjáfara. Ẹ kíyèsí i pé ẹni tí ń fi ọmọ ránṣẹ́ àti ẹni tí ń gbà á, ojú mọ ojú ni. Èyí ni ó mú kí ó yàtọ̀. Láti ọdún 1985 títí di 1992 ni ó fi ṣe mínísítà ètò ìlera, ó sì tan irú ìtọ́jú alábọ́ọ́dé bẹ́ẹ̀ ká orílẹ̀-èdè, bẹ̀rẹ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀ méjìléláàádọ́ta. Ó kú ní ọdún 2003. Kò sí ẹni tí yóò wí pé iṣẹ́ náà parí.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń ṣiyèméjì pé ọ̀rọ̀ láàrin dókítà méjì lè gba ìlú là, kí ó rántí oṣù Keje ọdún 2014. Ní ogúnjọ́ oṣù náà, ọkùnrin kan láti Liberia sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú ní Ìkẹjà, ara rẹ̀ kò sì dá. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni First Consultants ní Ọbáléńdé, ní apá Erékùṣù. Ó ní ibà ni ó ń ṣe òun, ibà sì ni wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú. Ní ọjọ́ kejì, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh yẹ̀ ẹ́ wò, ọkàn rẹ̀ kò sì gbà pé ibà ni. Obìnrin yìí jẹ́ ìran Herbert Macaulay, ẹni tí í ṣe ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther. Ní Ìdí-Àràbà ni ó sì ti kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Kò rí àrùn Ebola rí, nítorí pé kò tíì wọ Nàìjíríà rí. Ìmọ̀ nípa rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ka tirẹ̀. Ohun tí ó ṣe ni pé ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀. A fi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò ní Ìdí-Àràbà, èsì àkọ́kọ́ sì jáde láti ibẹ̀ láìpẹ́, kí àwọn ibi àyẹ̀wò mìíràn tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, àwọn aláṣẹ Liberia ń rọ̀ ọ́ pé kí ó fi ọkùnrin náà sílẹ̀ kí ó máa lọ sí ìpàdé tí ó bá wá, ó kọ̀. Ọkùnrin náà kú ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù náà.

Àwọn tí àrùn náà ràn ni a kó lọ sí Yábàá, sí ọgbà ilé ìwòsàn àwọn àrùn tí ń ràn. Dókítà Adadevoh fúnra rẹ̀ wà nínú wọn. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹjọ. Ogún ènìyàn ni ó kó àrùn náà ní Nàìjíríà, mẹ́jọ nínú wọn sì kú. Ní ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá ọdún náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kúrò ní ilẹ̀ wa. Ẹni tí ó bá mọ bí èrò ti ń fún ara wọn ní Ojúẹlẹ́gba ní ìrọ̀lẹ́ yóò mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ bí ilé ìwòsàn kan bá dákẹ́, tàbí bí èyí tí ó wà ní Ìdí-Àràbà kò bá dáhùn. Ó dun ni pé ìdáhùn tí ó yá bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù ba gbogbo ayé, kì í sábà yá fún bàbá tí ó ní egbò lẹ́sẹ̀.

Ìrètí díẹ̀ ń bẹ. Ní ọdún 2022, òfin tuntun sọ ètò adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, Ìpínlẹ̀ Èkó sì ní tirẹ̀ tí ó ń jẹ́ Ìlera Èkó. Ẹni tí ó bá wọ inú irú ètò yìí yóò yan ilé ìwòsàn kan, láti ibẹ̀ ni a ó sì ti máa fi í ránṣẹ́ sí ibi gíga bí ó bá yẹ. Àwọn kan ń kùn pé ìdínà ni, pé kí ló dé tí ènìyàn kò fi lè lọ tààrà sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá. A kò bá wọn kùn. Ṣùgbọ́n bí ẹnu ọ̀nà bá wà tí kò sì sí ẹni tí ń mú ìròyìn padà láti inú ilé, kò ju ọ̀gbà kan lọ. Ẹ má sì ṣe gbàgbé pé èyí kò kan ti pàjáwìrì: ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, tàbí tí apá kan ara rẹ̀ kú lójijì, kí ẹ má ṣe dúró de ìwé ẹnikẹ́ni.

Kí ni ìdílé lè ṣe kí àwọn dókítà tó mọ ara wọn? Ní àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley, òyìnbó tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Ìléṣà, ń tọ́jú àwọn ọmọ ìlú Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó ṣe káàdì kan tí a ń kọ ìwọ̀n ọmọ sí lóṣooṣù, kò sì tọ́jú rẹ̀ sí ilé ìwòsàn. Ó fi í lé ìyá lọ́wọ́. Àwọn kan rò pé yóò sọnù. Àwọn ìyá Ìmẹ̀sí, tí púpọ̀ nínú wọn kò mọ ìwé kà, fi í sínú ọ̀rá, wọ́n sì pa á mọ́ bí owó. Irú káàdì yẹn ti káyé lónìí, òun ni ó sì bí èyí tí àwọn ìyá wa ń mú lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bí ìyá tí kò kàwé bá lè tọ́jú ìtàn ara ọmọ rẹ̀, àwa tí a kàwé ń kọ́?

Ọmọbìnrin bàbá wa ti Ìdí-Òro kò gbọ́ nípa Ìmẹ̀sí-Ilé rí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni ó dá. Lẹ́yìn ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ṣubú, ó ra ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ilé-ìwé kan. Ó kọ orúkọ gbogbo oògùn tí bàbá ń lò sí ojú ewé kìíní, àti ti ìgbà tí ó ń lò wọ́n, ó fa ìlà gba Daonil kọjá, ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé a ti fi èyí sílẹ̀. Ó ní kí bàbá má ṣe jáde ní yàrá dókítà kankan láìjẹ́ pé wọ́n kọ nǹkan sí i. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí bàbá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, ojú tì í. Ó yọ ọ́ jáde lábẹ́ agbádá bí ẹni tí ó jí i. Dókítà ọ̀dọ́ tí ó wà níbẹ̀ wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì bi í pé, “Bàbá, ṣé ilé-ìwé ni ẹ ń lọ ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Dókítà, ẹ̀yin sì ni olùkọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ kí dókítà ilé wa lè kà á.”

Ó kọ ìlà mẹ́rin. Egbò ti ń jinná. Amaryl nìkan ni kí ó máa lò. Kí dókítà àdúgbò máa yẹ ṣúgà rẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí ó dá a padà sí àwọn bí ẹsẹ̀ bá tún wú. Ó fi nọ́ńbà tẹlifóònù rẹ̀ sísàlẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé dókítà ní Ìdí-Òro, ó sì gbé ìwé náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Dókítà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí nọ́ọ̀sì rẹ̀, ó ní kí ó bá òun mú bírò wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìdáhùn.